Kílò tó ń gorí ara àti kílò tó ń bọ́: bí ẹ ṣe lè fi ìwọ̀n ara ṣọ́ àtọ̀gbẹ

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rù, kò sí ẹni tó ronú kan àtọ̀gbẹ. Obìnrin tó kún dáadáa ni tẹ́lẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin, eegun ọrùn rẹ̀ yọ síta, bùbá rẹ̀ wá ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ lára rẹ̀. Àwọn kan ní ìrònú ni, àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n gbàdúrà. Ọmọ rẹ̀ ló sọ lọ́jọ́ kan pé èèrà máa ń bo ibi tí màmá òun bá tọ̀ sí. Nígbà tí a gbé e dé ibi àyẹ̀wò, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kọjá 400. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé àrùn náà ti ń bọ̀ lọ́nà tipẹ́tipẹ́: ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi ń sanra díẹ̀díẹ̀, tí gbogbo wa ń sọ fún un pé ayé ń yẹ ẹ́.

Ìdí tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí nìyẹn. Kílò tó ń gorí ara díẹ̀díẹ̀ ń sọ nǹkan fún wa, kílò tó bọ́ láìjẹ́ pé a lé e náà ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń kọ ìwọ̀n ara rẹ̀ sílẹ̀ á gbọ́ méjèèjì kó tó pẹ́ jù. Àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, tó wọ́pọ̀ láàárín àgbàlagbà, ni mo ń sọ. Ti ọmọdé yàtọ̀, mo máa mẹ́nu kàn án níwájú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Oúnjẹ tí a jẹ máa ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ínsúlínì ló sì ń kó ṣúgà náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ síbi tí ara ti fẹ́ lò ó. Èyí tí ara kò bá lò, á di ọ̀rá. Ara ní ibi tó ń tọ́jú ọ̀rá sí: abẹ́ awọ, itan, ìdí. Bí ibẹ̀ bá ti kún, ọ̀rá á wá ibòmíràn sùn, á wọ inú ẹ̀dọ̀, á wọ àárín ìfun, á dé ara ẹ̀yà ara kékeré tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní pancreas, níbi tí ínsúlínì ti ń wá. Ẹ̀dọ̀ tó bá kún fún ọ̀rá kì í gbọ́ ti ínsúlínì mọ́. Á máa da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ lóru, bí ẹni náà kò tilẹ̀ jẹun alẹ́. Pancreas á máa ṣe ínsúlínì kún ínsúlínì títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni ṣúgà á bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Bó bá ga gan-an, kíndìnrín á máa dà á sínú ìtọ̀, omi ara á máa bá a lọ. Ara tí kò rí ṣúgà lò á wá máa jẹ ọ̀rá àti ẹran ara rẹ̀. Bí ẹni tó sanra wọ inú àrùn náà ṣe ń rù nígbà tó bá dé ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Bí àyè ọ̀rá ṣe fẹ̀ tó lára ẹnì kọ̀ọ̀kan kò dọ́gba, àjogúnbá wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi lè wọn kílò 110 kí ṣúgà rẹ̀ dára, tí ẹlòmíràn tí kò ju kílò 70 lọ á ti ní àtọ̀gbẹ. Nítorí náà, ẹ má wo ara ẹlòmíràn láti mọ ipò tiyín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ìwọ̀n yín àtijọ́ jáde

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni orí òṣùwọ̀n. Ní tèmi, ẹ kọ́kọ́ wá iye kílò yín nígbà tí ẹ wà ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún. Ó lè wà lórí káàdì aboyún ti àkọ́bí yín, tàbí nínú fọ́ọ̀mù ìlera tí ẹ fi wọ iléèwé gíga tàbí iṣẹ́. Bí ẹ kò bá rí ìwé kankan, ẹ lọ bá aránṣọ tó ti ń rán aṣọ fún yín látọjọ́ pípẹ́. Ìwé rẹ̀ tó ti gbó, tó kọ ìwọ̀n àyà àti ìbàdí yín sí lọ́dún náà lọ́hùn-ún, ìwé ìlera ni. Ẹ wo ìwọ̀n ìbàdí ìgbà yẹn, kó tún un wọ̀n lónìí, kí ẹ rí ìyàtọ̀ rẹ̀.

Kí nìdí tí ìyàtọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì? Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tọpa àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin tó lé ní 114,000 fún ọdún 14, láti 1976. Àwọn tí kílò márùn-ún sí mẹ́jọ gorí ara wọn lẹ́yìn ọmọ ọdún 18, àtọ̀gbẹ mú wọn ní nǹkan bí ìlọ́po méjì àwọn tí ìwọ̀n wọn kò yí padà. Àwọn tó fi kílò mẹ́jọ sí mọ́kànlá kún un súnmọ́ ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn tó dín ju kílò márùn-ún lọ, ewu tiwọn dín kù ní ìdajì, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kílò mẹ́jọ láti ìgbà èwe! Mélòó nínú wa ni kò tíì kọjá ibẹ̀?

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ gun òṣùwọ̀n. Ẹ gbé e sórí sìmẹ́ǹtì tàbí táìsì, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì. Àárọ̀ ló dára jù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, kí ẹ tó jẹ tàbí mu ohunkóhun, láìwọ bàtà, láìwọ aṣọ tó wúwo. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó, ní ọjọ́ kan náà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Kílò kan tàbí méjì lè gòkè sọ̀ kalẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì nítorí omi àti iyọ̀, kò sí ìbẹ̀rù níbẹ̀. Oṣù sí oṣù ni ẹ máa wò. Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n nílé, ẹ máa lo ti ilé ìwòsàn tàbí ṣọ́ọ̀bù oògùn àdúgbò, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ibi kan náà, torí òṣùwọ̀n méjì kì í sábà bára mu.

Ìgbésẹ̀ kejì: okùn

Bí agbára yín kò bá gbé òṣùwọ̀n, okùn kan péré lè sọ ohun tó ju tirẹ̀ lọ fún yín. Ẹ wá okùn tí kì í nà. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri láìwọ bàtà, kí ẹnì kan fi okùn náà wọ̀n yín láti ilẹ̀ dé àtàrí, kó gé e síbẹ̀. Ẹ ṣẹ́ okùn náà po sí méjì, kí ẹ gé e láàárín. Ẹ wá fi ìdajì kan yí ikùn yín ká, ní àárín egungun ìhà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá àti orí egungun ìbàdí. Ẹ mí jáde wọ́ọ́rọ́, ẹ má fa ikùn wọlé. Bí ẹnu okùn méjèèjì bá pàdé, tó tiẹ̀ ṣẹ́kù díẹ̀, ó dára. Bí kò bá pàdé, ọ̀rá inú ikùn ti pọ̀ jù, ohun yòówù kí òṣùwọ̀n sọ. Àjọ NICE, tó ń fi ìlànà ìtọ́jú lélẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fọwọ́ sí ìlànà ìdajì gíga yìí ní 2022.

Ẹ̀yin tí ẹ ní téèpù aránṣọ: ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ bá tó sàǹtímítà 94, ìyẹn ínǹṣì 37, àti obìnrin tí tirẹ̀ bá tó 80, ìyẹn ínǹṣì 31 àbọ̀, kí wọ́n ka ara wọn mọ́ àwọn tó yẹ kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nọ́ńbà ṣòkòtò dáhùn. Ọ̀pọ̀ wa ló ń so ṣòkòtò ínǹṣì 36 sábẹ́ ikùn tó ti tó 44.

Ìṣirò kan tún wà tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu dókítà, BMI. Ẹ fi gíga yín ní mítà lọ́po ara rẹ̀, kí ẹ wá fi ohun tó bá jáde pín kílò yín. Obìnrin tó ga ní mítà 1.62, tó wọn kílò 78, BMI rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30. Lágbàáyé, 25 ni ìwọ̀n ti ń di àpọ̀jù, 30 sì ni ìsanrajù. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà, ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fa ààlà náà wálẹ̀ sí 23 àti 27.5, torí àtọ̀gbẹ máa ń mú wa ní ìwọ̀n tí kò tíì mú aláwọ̀ funfun. Ẹ̀yin tó ń gbé lọ́hùn-ún, bí wọ́n bá ní 26 yín kò ṣe nǹkan kan, ẹ rán wọn létí ìlànà tiwọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo ibi tí kílò ń lọ

Bó bá ń gòkè lọ́dọọdún, ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ ti yé yín. Èyí tí mo fẹ́ dúró lé lórí ni ti sísọ̀ kalẹ̀, torí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ẹ̀gbọ́n màmá mi lọ.

Bí ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n yín bá lọ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, tí ẹ kò dín oúnjẹ kù, tí ẹ kò ṣe eré ìmárale, ẹ wá ìdí rẹ̀. Fún ẹni kílò 80, kílò mẹ́rin péré nìyẹn. Bí òùngbẹ bá tún ń gbẹ yín ṣáá, tí ìtọ̀ ń jí yín lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tí egbò kì í jinná, tí ojú ara ń yún obìnrin lemọ́lemọ́, tàbí tí èèrà ń tẹ̀lé ìtọ̀ yín, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun mìíràn náà lè fa kí ènìyàn rù, bí ikọ́ ife àti àwọn àìsàn mìíràn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kí ẹ lọ. Ẹ gbàdúrà bí ẹ ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ̀jẹ̀ ti dé láàbù kí ẹ tó kúnlẹ̀.

Ọmọdé tó ń rù, tó ń mu omi bí ẹni tó ti oko dé, tó ti fi ìtọ̀ orí ibùsùn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó sì tún bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bó bá ń bì, tó ń mí gúlegúle, ẹ má fi wákàtí kan ṣòfò. Ínsúlínì ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò, bí kò bá rí i, ó lè kú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àyẹ̀wò

Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ láìjẹun, ó kéré tán wákàtí mẹ́jọ sí ìgbà tí ẹ jẹun gbẹ̀yìn. Omi lásán ni ẹ lè mu. Bí èsì bá wà lábẹ́ 100 ní ìwọ̀n mg/dL, ó dára. Láti 100 sí 125, ẹ ti wà ní bèbè àtọ̀gbẹ. 126 sókè, àtọ̀gbẹ ni, ṣùgbọ́n wọ́n á tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àfi bí àmì àrùn bá ti hàn gbangba. Àwọn láàbù kan máa ń kọ ọ́ ní mmol: 5.6 dúró fún 100, 7.0 sì dúró fún 126. Ẹ bi wọ́n léèrè èyí tí wọ́n lò, kí ẹ má lọ rí 7 kí ẹ rò pé ó kéré.

Àyẹ̀wò kejì ni HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ti rí láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta, kò sì gba pé kí ẹ má jẹun. Ìdá 5.7 sí 6.4 nínú 100 ni bèbè, 6.5 sókè ni àtọ̀gbẹ. Ẹni tí jínótáìpù rẹ̀ bá jẹ́ SS, kó sọ fún dókítà ṣáájú, torí àyẹ̀wò yìí lè tan ènìyàn jẹ nínú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yan ìwọ̀n kan tí apá ká

Ẹ kò ní láti di pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìròyìn ayọ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, mo sì fẹ́ kó dé etí gbogbo ẹni tó ti sọ̀rètí nù. Èsì ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002 kan àwọn ènìyàn 3,234 tó wà ní bèbè àtọ̀gbẹ, aláwọ̀ dúdú sì wà láàárín wọn. Wọ́n ní kí apá kan dín ìdá 7 nínú 100 ìwọ̀n wọn kù, kí wọ́n sì máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Wọ́n fún apá kan ní metformin, oògùn àtọ̀gbẹ kan, wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àtọ̀gbẹ dín kù ní ìdá 58 nínú 100 láàárín àwọn tó ń rìn tí wọ́n sì fọn, ó dín kù ní ìdá 31 láàárín àwọn olóògùn. Láàárín àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ìdá 71 ló dín kù. Kílò tí wọ́n dín ní ìpíndọ́gba kò sì pé mẹ́fà! Nígbà tí wọ́n tú u wò, kílò kọ̀ọ̀kan tó bọ́ ń gé nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 kúrò lára ewu náà.

Bí ẹ bá wọn kílò 85, kílò mẹ́fà ni ìdá 7 yín. Kílò kan lóṣù, oṣù mẹ́fà ti parí rẹ̀. Ẹ kọ 79 sí iwájú ìwé kékeré yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: oúnjẹ àti ẹsẹ̀

Ohun mímu ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ wo ara ike mínírà, wọ́n máa ń kọ iye ṣúgà tó wà nínú mílílítà 100. Bó bá jẹ́ gíráàmù 10, ike 50cl ní gíráàmù 50, ìyẹn sì ju hóró ṣúgà onígun 12 lọ, bí hóró kan bá jẹ́ gíráàmù mẹ́rin. Kò sí ẹni tó máa da hóró 12 sínú tíì kan. Mọ́ọ̀tì àti èso inú páálí kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ ọsàn fúnra rẹ̀, ẹ mu omi. Ẹni tó ń mu mínírà kan lójúmọ́ tó bá jáwọ́ nínú rẹ̀, ó ti rìn jìnnà láìtíì fọwọ́ kan òkèlè.

Ó wá kan òkèlè. Wọ́n ti sọ fún yín pé wíìtì tàbí àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni oúnjẹ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Èyí ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa jẹ ìṣù mẹ́ta pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Iyán, ẹ̀bà, fùfú, ọkà, wíìtì, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀n ni kí ẹ mú: ìkúùkù yín kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju òkèlè lọ nínú abọ́, kí ẹ sì kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja kí ọwọ́ tó kan òkèlè. Ẹ̀wà àti moínmoín máa ń pẹ́ nínú, wọn kì í jẹ́ kí ebi tètè padà. Epo náà ń kún: ṣíbí ìjẹun ńlá kan tó nǹkan bí kálórì 120, ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ wa sì ni epo ń léfòó lórí wọn. Bí ẹ bá lọ òde, ẹ jẹun díẹ̀ kúrò nílé, kí ẹ sì gba abọ́ kan péré. Gààrí mímu tòun ti ṣúgà ní ọ̀sán gangan, oúnjẹ odindi ni, ẹ má kà á sí ìpápánu.

Ìrìn kò gba owó. Ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ìrìn tí ẹ lè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin. Bí ẹ bá jókòó ti ọjà láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ pín in: ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Ìrìn ẹ̀yìn oúnjẹ máa ń fa ṣúgà wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ẹran ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ máa ń gba ṣúgà láìdúró de ínsúlínì púpọ̀.

Àwọn tó gbọ́dọ̀ rọra

Ẹni tó bá ti ń lo ínsúlínì tàbí glibenclamide, oògùn oníhóró tó ń mú kí pancreas tú ínsúlínì jáde, kó má gé oúnjẹ kù láìsọ fún dókítà, torí ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì. Bí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò yín, tí ọkàn ń lù kìkì, ẹ tètè mu omi ṣúgà. Aboyún kò gbọ́dọ̀ máa fi ebi pa ara rẹ̀. Kó ṣe àyẹ̀wò ṣúgà láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28, bó bá sì ga nínú oyún, kó tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn ìbímọ.

Oògùn ìsanra wà tí wọ́n ń tà lọ́jà àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ ní ìdí àti àyà. Dexamethasone, oògùn alágbára kan tó wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní steroid, wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ó ń mú ojú wú, ó ń gbé ṣúgà sókè, bí ẹ bá sì ti pẹ́ lórí rẹ̀, ẹ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà. Mo bẹ ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n, ẹ wo inú báàgì àwọn ọmọ yín. Tíì tí wọ́n fi ń fọn ńkọ́? Ìgbẹ́ gbuuru ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń fà. Omi ló ń lọ, ọ̀rá dúró síbẹ̀.

Bí àtọ̀gbẹ bá ti mú yín, tí kò tíì pẹ́, ìwọ̀n ara ṣì lè ṣe púpọ̀. Nínú ìwádìí kan ní Scotland àti àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2017, àwọn tí àrùn náà kò tíì lò ju ọdún mẹ́fà lọ lára wọn fi ohun mímu tí wọ́n pò rọ́pò oúnjẹ fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún. Lẹ́yìn ọdún kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí ṣúgà wọn padà sí ìsàlẹ̀ ààlà láìlo oògùn. Láàárín àwọn tó dín kílò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 86 nínú 100 ni. Dókítà ló ń tọ́ wọn, ẹ má dá a dán wò.

Nígbà tí wọ́n bá ní ẹ ti gbẹ

Wọ́n á sọ ọ́. Ní kété tí kílò mẹ́ta bá ti lọ, ẹnì kan á pè yín sẹ́yìn ilé, á ní, «Ṣé kò sí o? O ti rù!» Mo mọ àwọn tó padà sí oúnjẹ wọn àtijọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí nìkan, torí ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá rù, àìsàn tàbí àìlówó ni wọ́n ń rò sí i. Ẹ múra èsì sílẹ̀: «Èmi ni mo ń dín in kù, mo ti ṣe àyẹ̀wò, ara mi dá.» Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ nílé, kí wọ́n lè bá yín dá wọn lóhùn.

Ara á fẹ́ gba kílò rẹ̀ padà. Bí méjì bá ti padà, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, ẹ má jẹ́ kó di márùn-ún. Ẹni tó wà ní bèbè, kó ṣe àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Ẹni tí tirẹ̀ dára tó ti pé ọdún 35, kó tún un ṣe ní gbogbo ọdún mẹ́ta. Ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sí ojú ewé ìgbẹ̀yìn ìwé kékeré yẹn, níbi tí ẹ ti máa rí i.